Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́ Nínú Àríyànjiyàn Géèmù àti Ẹ̀rọ Ayélujára: Ìkógun, Ọjà, Tàbí Pàṣípààrọ̀?

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí géèmù orí kọ̀ǹpútà ti di ọjà káríayé ni àríyànjiyàn ti ń wáyé lórí ohun tí ó ń kọ́ àwọn tí ń ṣe é. Àwọn kan ní eré lásán ni, pé kò yẹ kí a máa wá òṣèlú tàbí ìtàn kiri nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí eré tí kì í kọ́ni ní nǹkan. Ní 2007, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ian Bogost, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Persuasive Games. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé òfin géèmù fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀: ohun tí òfin náà gbà wá láyè láti ṣe, àti ohun tí kò gbà wá láyè láti ṣe, ń sọ èrò kan nípa ayé. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ nídìí ayò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọmọ ayò sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ilé ẹni tí wọ́n jọ ń ta á. Òfin eré náà ti sọ nǹkan nípa fífúnni àti gbígbà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àríyànjiyàn yìí ti kan ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Géèmù, fíìmù àti ẹ̀rọ ayàwòrán ti di ara ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni wọ́n. Àpilẹ̀kọ yìí fi iṣẹ́ ọnà kan láti gúúsù Èkìtì, ìyẹn ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́, dán àríyànjiyàn náà wò. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn náà ń lò, tí ìtàn Ìkẹ́rẹ́ sì ń béèrè òmíràn. Bí a bá sì gbé ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò tọ́ lé iṣẹ́ ọnà kan, ó ṣeé ṣe kí ìlú tí ó ni ín pàdánù ẹ̀tọ́ tí ó kù fún un.

Ọlọ́wẹ̀ àti ilẹ̀kùn náà

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀ ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, ààfin Arínjálẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré kò jìnnà síra wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá mọṣẹ́ dunjú ní ọ̀kan nínú wọn kò ní í ṣàìdé etígbọ̀ọ́ ọba ìlú kejì. Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, Ọba Alówólódù, tí ó wà lórí oyè láti 1890 sí 1928, gbé iṣẹ́ lé Ọlọ́wẹ̀ lọ́wọ́. Láàrin 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin náà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyí, èyí tí ó fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì àgbà lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago lónìí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó ni ilẹ̀kùn náà sọ: bí Ògògà ṣe gba àjẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ambrose lálejò. Ní apá òsì, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní apá ọ̀tún, òyìnbó náà jókòó nínú àga tí àwọn ènìyàn gbé rù, àwọn aláàárù rẹ̀ sì ń bọ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò fín àwọn ère náà pẹlẹbẹ. Ó gbẹ́ wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rìn kúrò lára igi. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ọba ni ó jókòó, àlejò ni ó ń rìnrìn-àjò bọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì náà ti kọ ìtàn ìpàdé náà láti ojú ààfin, kì í ṣe láti ojú ìjọba amúnisìn.

Bí ilẹ̀kùn náà ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ọrọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kó lọ láti Nàìjíríà. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, ó sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò gbà láti tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ṣe di ti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó wà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds darí kó ẹrù ààfin Abomey. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sun ìlú Bìní, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ. Kò sí ẹni tí ó lè pe èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ọjà. Ìdí nìyí tí ẹ̀bẹ̀ fún ìdápadà wọn fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá ohun 26 padà sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ilẹ̀kùn mẹ́rin láti ààfin Glele sì wà nínú wọn. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ni ó ni àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní tí ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀, ó sì dá àwọn àkọ́kọ́ padà nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà.

Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ kò sí lára irú èyí. Ìbọn kò dún ní ààfin nígbà tí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n ṣé ọjà ni a óò pè é? Ohun méjì ni ó yẹ kí a wò pọ̀. Èkíní ni pé ọba náà lo ọgbọ́n àti ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ó kọ owó, ohun ọlá ni ó béèrè. Igi a máa jẹrà, ikán a máa jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ààfin sì jẹ́ ohun tí a ń pààrọ̀ láti ìran dé ìran. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè ní Ìsẹ̀ nígbà náà. Ní ojú ọba, ó ṣeé ṣe kí ìtẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ilẹ̀kùn tí a lè tún gbẹ́ lọ. Èkejì ni pé 1924 kì í ṣe ìgbà tí ọba Èkìtì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹgbẹ́. Àjẹ́lẹ̀ ni ó ń darí ìjọba, ìjọba sì ni ó lè fọwọ́ sí ọba tàbí kí ó rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹni tí ó béèrè ilẹ̀kùn náà wà lábẹ́ àsíá kan náà pẹ̀lú ẹni tí a gbẹ́ sára rẹ̀. Lójú àṣà pẹ̀lú, ohun ààfin kì í ṣe ti ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ nìkan; ti ìlú ni, àti ti àwọn tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, pàṣípààrọ̀ ni, ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ láàrin ẹni tí agbára wọn kò dọ́gba. Gbólóhùn yìí gùn ju “olè” àti ju “ọjà” lọ, òun sì ni ó bá ẹ̀rí mu.

Ohun tí géèmù ń sọ

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé géèmù Tomb Raider jáde. Akọni rẹ̀, Lara Croft, a máa wọ ibojì àti tẹ́ńpìlì àwọn ẹlòmíràn lọ, a sì máa kó ohun tí ó bá rí níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe géèmù náà ni láti wọlé, kí ó mú, kí ó sì jáde. Kò sí ibi tí òfin eré ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ó ni ohun tí ó mú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fi èyí ṣe àríwísí a máa gbọ́ pé eré lásán ni.

Fíìmù Black Panther, tí ó jáde ní 2018, mú ìbéèrè náà dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú ìran kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí àwọn ohun náà ṣe dé ọwọ́ wọn. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ Nyamakop ní Johannesburg kéde géèmù Relooted. Nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà kan fọ́ ilé àwọn olówó àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti gba àwọn iṣẹ́ ọnà padà. Ohun tí ó wà lóòótọ́ sì ni àwọn iṣẹ́ ọnà náà, tí ó tó 70. Bí géèmù ti 1996 bá ń kó ẹrù lọ, ti 2025 ń kó o bọ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ọ̀dọ́ tí kò lè ka ìwé ìtàn kan tán lè ti ibẹ̀ mọ orúkọ, ìlú àti ìrìn-àjò ohun tí kò gbọ́ rí.

Síbẹ̀, bí a bá fi òye Bogost wò ó, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni géèmù méjèèjì lò: kí a wọlé, kí a mú, kí a jáde. Ó bá Bìní mu, ó bá Abomey mu. Bí a bá gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ sínú irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni yóò sọnù. Ìfẹ́ inú Ògògà yóò sọnù, yóò di ẹni tí wọ́n jà lólè lásán. Ìtẹ́ tí ó gbà yóò sì di ohun tí a kò mọ ibi tí a óò fi sí. Alátakò yóò rí ibi gbá mú: yóò fi ìwé pàṣípààrọ̀ hàn, yóò ní ẹ̀sùn olè kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ẹjọ́ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Àwòrán rẹ̀: ta ni ó ni í?

Ìdápadà ilẹ̀kùn náà gan-an kò rọrùn. Òfin ọdún 1963 tí ń darí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwọn alábòójútó rẹ̀ láyè láti yọ ohunkóhun kúrò nínú àkójọ wọn. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe yíjú sí ẹ̀rọ. Ní 2023, àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ń pe ara wọn ní Looty, tí Chidi Nwaubani jẹ́ aṣáájú wọn, wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòṣe Òkúta Rosetta, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tí ó bá wà ní ìlú Rashid ní Íjíbítì lè rí i lórí fóònù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọn ní ìdápadà ni. Àwọn tí wọ́n lòdì sí i ní àwòrán kò lè rọ́pò ohun gidi.

Fún Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ àwòrán kì í ṣe àfiwé lásán. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Ẹ̀tọ́ yẹn ti parí ní 2008. Síbẹ̀, fọ́tò tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára wà lábẹ́ àdéhùn tí ó yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ohun tí kì í ṣe òwò nìkan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Bamidele Olumilua, tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ gan-an, bá fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe géèmù tí yóò tà, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ti lọ tọrọ àyè. Kò sí òfin tí ó fi dandan lé e pé kí ó béèrè lọ́wọ́ ààfin Ògògà tàbí ará Ìsẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà: ní oṣù kejì 2020, Smithsonian ní Amẹ́ríkà, tí ó ní abọ́ olókìkí kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, tú àwòrán àti àwòṣe mílíọ̀nù 2.8 láti inú àwọn àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò bí ó ti wù ú.

Ìtàn Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé àwòrán nìkan kò tó. Ní 1944 ni Philip Allison, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ nípa rẹ̀, ogún ọdún lẹ́yìn Wembley. Ní 1988, John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Olójú-ìfun, ìyàwó rẹ̀, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti dákẹ́, obìnrin kan ní Ìsẹ̀ ti pa orúkọ, ìwà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà mọ́ sínú ohùn. Àwòṣe ilẹ̀kùn tí kò bá gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dání, igi ni ó yà, kò ya iṣẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn tí wọ́n ní géèmù kò ní í ṣe pẹ̀lú ìtàn kò tọ̀nà, nítorí òfin géèmù ti ń dájọ́ ìtàn tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwa tí a fara mọ́ ìdápadà jẹ́ kí ìdájọ́ kan ṣoṣo ká gbogbo ọ̀rọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún jíjí, fún kíkó lógun, fún títà, fún yíyá, fún títọrọ àti fún pípààrọ̀. Ó yẹ kí olúkúlùkù iṣẹ́ ọnà jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ti Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ pàṣípààrọ̀, pàṣípààrọ̀ sì jẹ́ àjọṣe tí kò parí. Ẹni tí a jọ ṣe pàṣípààrọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti padà wá sọ pé ohun tí a ṣe nígbà tí agbára kò dọ́gba, ó yẹ kí a tún un gbé yẹ̀ wò nísinsìnyí. Ibi tí ìdúnàádúrà náà lè ti bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àtúnṣe òfin 1963 ni àwòrán àti àwòṣe ilẹ̀kùn náà: kí ààfin Ìkẹ́rẹ́, àwọn ará Ìsẹ̀ àti yunifásítì tí ó wà nílẹ̀ náà ní ẹnu nínú bí a óò ṣe yà á, orúkọ tí a óò fún un, àti ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀.