Orúkọ Tí Akọ̀wé Fún Sójà

Admin yín ni o, láti Adankolo. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní data láti gbọ́ ohùn, ẹ̀yin la tẹ èyí fún. Ọ̀rọ̀ ìtàn ti ọ̀sẹ̀ yìí jáde látinú ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa gbé síbí níjọ́sí.

Ó ní bàbá òun ja ogun abẹ́lé, ó sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ológun, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ ìdílé. NIN àti BVN wá gbé orúkọ ìdílé. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, owó ìfẹ̀yìntì sì há sáàárín orúkọ méjì. Kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn kan nínú wa ti kọ ọ́ síbí pé bàbá ló parọ́ orúkọ nígbà tó wọṣẹ́. Ẹ rọra o. Ẹ̀sùn tó wúwo lẹ fi kan àgbàlagbà yẹn, ìtàn ò sì tì yín lẹ́yìn.

Ìlú wa yìí wà nínú ìtàn náà láti ìpilẹ̀. Ní 1886 ni Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá ọmọ ogun tiwọn sílẹ̀. Láti Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti gbéra ní 1897 lọ bá Bídà jà, kí wọ́n tó kọjú sí Ìlọrin. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ lé Lugard lọ́wọ́ pé kó kó ọmọ ogun tuntun jọ, èyí tí wọ́n pè ní West African Frontier Force. Nígbà tí wọ́n fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè níbí ní January 1, 1900, ogun Company wọ inú ti Lugard. Bó ṣe ń lọ títí ló di ogun Nàìjíríà tí a mọ̀ lónìí.

Ta ni wọ́n ń gbà sínú ogun yẹn? Nupé, Haúsá, Kànúrí, Yorùbá, gbogbo ẹ̀yà tó ń kọjá lórí omi. Haúsá ni èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ. Ẹni tó wá gbaṣẹ́ kò mọ̀wé, ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n á bi í pé kí lorúkọ rẹ. Á ní Músá. Ọmọ ibo ni ọ́? Á ní Kábà. Ó parí nìyẹn, Musa Kabba ló dé inú ìwé. Músá mélòó ni ẹ rò pé ó wà lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan? Ìlú ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá wá jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, ó tún burú jù. Gbádé á di Bade, àmì abẹ́ Ṣ á ti sọnù láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn bàbá ńlá wa fúnra wọn ò ní orúkọ ìdílé bá a ṣe ń lò ó yìí. Wọ́n ní orúkọ àbísọ, àwọn kan ní àmútọ̀runwá, wọ́n ní oríkì. Kí gbogbo ọmọ ilé máa jẹ́ orúkọ bàbá kan náà sẹ́yìn orúkọ tiwọn, iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìjọba ló kọ́ wa. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé béèrè orúkọ kejì, ìlú tí sójà náà sọ kì í ṣe irọ́.

Èmi tí mò ń tajà, ó yé mi. Ẹ wá wo ìwé àwìn mi: Ìyá Ganaja, Alhaji Felele, Bọ̀dá onímọ́tò. Èmi mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá kú lónìí, ọmọ wo ló máa fi ìwé yẹn gba gbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀rí tó tóbi jù wà lójú wa lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ń kọjá níwájú bárékè, a ò sì bi ara wa pé ta ni Chari Maigumeri tí wọ́n fi sọ ọ́. Kànúrí ni, ará Borno. Ogun Jámánì ló kọ́kọ́ wọ̀ ní Kamẹrúùnù, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Iron Cross lọ́wọ́ wọn nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ló wọ ogun Nàìjíríà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di RSM, ó jà dé Burma, Gẹ̀ẹ́sì náà fún un ní Military Medal. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1953, wọ́n fi oyè captain dá a lọ́lá. Ẹ wá ṣí máàpù Borno, ẹ ó rí ìlú kan tó ń jẹ́ Magumeri, Local Government sì ni. Ìlú ló wà ní ipò orúkọ ìdílé ọkùnrin yẹn. Títí dòní, àwọn kan ń kọ orúkọ bárékè náà ní Maigumeri, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Magumeri. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè nìyẹn o!

Inú bárékè yẹn gan-an ni Command Army Records wà, níbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì àwọn sójà orílẹ̀-èdè yìí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò ìwé lábíyá, tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà. Àwọn kan ò dùbúlẹ̀ lóru kí wọ́n tó dé. Ẹ máa júwe ọ̀nà fún wọn dáadáa.

Ẹni tó mọ̀wé rí ọ̀nà gbà díẹ̀. Isaac Fadoyebo láti Emùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ wọṣẹ́ ológun ní 1942, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìbọn bà á ní Burma ní 1944, àwọn ará abúlé fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìlà ogun Japan. Ó darí wálé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà. Orúkọ rẹ̀ ò sọnù. Àwọn tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ní April 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth gbé ìwádìí jáde nípa ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Wọ́n ní ó kéré tán 116,000 òkú, bóyá tó 350,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Wọ́n tọrọ àforíjì. Tí ẹ bá dé ibi òkúta ìrántí ogun ní Paparanda, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ka àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀.

Ó dáa, kí wá ni bàbá yẹn máa ṣe? Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tí mo ti bá ká ìwé jọ ni pé ọ̀pọ̀ ń sáré lọ yí orúkọ padà, wọ́n á ní orúkọ àtijọ́ ò sí mọ́. Ẹni tó jagun nìyẹn tí wọ́n pa rẹ́ o! Orúkọ àtijọ́ ló gbaṣẹ́, òun ló fẹ̀yìn tì. Ìwé ìbúra tí ẹ ó ṣe ní kóòtù gbọ́dọ̀ gbé orúkọ méjèèjì, kó sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ wọn. Tí ẹ bá gbé e sínú ìwé ìròyìn, ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀ bákan náà, lẹ́tà lẹ́tà, bó ṣe wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì, àṣìkọ àti gbogbo rẹ̀. Kí nọ́ńbà ológun wà lórí gbogbo ìwé. Músá pọ̀, ará Kábà pọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn, bàbá nìkan ló ni ín.

Ẹ ya fọ́tò ìwé ìfẹ̀yìntì náà lónìí kó tó gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì jẹ́ kí bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọdún tó wọṣẹ́, ibi tó ti wọ̀ ọ́ àti orúkọ battalion rẹ̀, kí ẹ gbà á sórí fóònù nígbà tó ṣì rántí.

Ọmọ tó béèrè, wá bá mi ní inbox. Tí ẹ bá gbé bàbá wá sí Lọ́kọ́jà, ẹ má sùn ní gáréèjì. Ilé wà.