Àbámọ̀ Lórí Tábìlì: Ogun Kírìjì àti Eré Ogun Àdáṣe

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni ọmọ ènìyàn tó máa ń fi ọwọ́ lẹ́rán, tí yóò máa ro bí ì bá ti ṣe é tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni kì í ka irú èrò bẹ́ẹ̀ sí, nítorí pé iṣẹ́ ìtàn ni láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, eré kan wà tí ó jẹ́ pé orí àbámọ̀ ni a kọ́ ọ lé, tí àwọn ológun sì ti ń fi kọ́gbọ́n fún nǹkan bí 200 ọdún. Eré ogun orí tábìlì ni. Bí a bá gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ Èkìtì, ó lè la òǹkàwé lóye nípa Ogun Kírìjì ní ọ̀nà tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Prussia, tí ó di olórí ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn náà, ni eré yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní ọdún 1812 ni Georg Leopold von Reisswitz gbé tirẹ̀ lọ han ọba. Ní ọdún 1824 ọmọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ológun, tún un ṣe, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde. Wọn a tẹ́ máàpù sílẹ̀, wọn a fi ègé kéékèèké ṣe ọmọ-ogun, wọn a sì da dáìsì, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ta lúdò, láti mọ iye ẹni tí ó ṣubú. Onídàájọ́ kan a sì jókòó sí àárín, tí yóò máa rí ohun tí apá méjèèjì ń ṣe. Nígbà tí Prussia ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1870 sí 1871, àwọn ológun ilẹ̀ mìíràn kọ́ eré náà. Ní ọdún 1913 ni H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwé rẹ̀, Little Wars, sọ ọ́ di eré inú ilé. Èrò rẹ̀ sì ni pé eré náà gan-an ni yóò jẹ́ kí ènìyàn rí i pé ìwà àìlóye ni ogun gidi. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, nínú èyí tí táǹkì, ọkọ̀ ogun onírin, kọ́kọ́ dé ojú ìjà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916.

Táǹkì ti gba ipò ńlá nínú eré yìí láti ìgbà náà. Àwọn kan a máa tún ìjà tí ó ti ṣẹlẹ̀ jà. Àwọn mìíràn a máa ja èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, bí irú èyí tí táǹkì Rọ́ṣíà àti ti Amẹ́ríkà ì bá fi pàdé ní ilẹ̀ Jámánì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá a ṣe. Ayò ọlọ́pọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta àti ọ̀pẹ ni yóò dojú kọ ara wọn. Nínú eré ogun àdáṣe, ẹni tí ó bá ti kó ọmọ-ogun tirẹ̀ síwájú tán ni yóò tún dìde, tí yóò lọ jókòó sí òdì kejì tábìlì, tí yóò sì ro èrò ọ̀tá fún ọ̀tá. Bí ó bá ṣe ojúsàájú, ara rẹ̀ ni ó tàn jẹ.

Táǹkì kan kò jà ní òkè Èkìtì, ṣùgbọ́n ohun ìjà tuntun ti yí ojú ogun padà níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá tẹ́ máàpù sórí tábìlì ní Adó-Èkìtì, tí ó fi ìka tọ ọ̀nà Ìyìn àti Ìgèdè dé Àrámọ̀kọ, tí ó sì yà ní Ìtawùrẹ́, yóò bọ́ sí Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi. Níwájú díẹ̀ sí i ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà; lẹ́yìn òkè náà ni Ìgbájọ, níbi tí Ìbàdàn pàgọ́ sí. Agbègbè kékeré yìí ni àwọn ọmọ-ogun méjèèjì ti wo ojú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbàdàn ni ó ń pàṣẹ fún Èkìtì nígbà náà, Iléṣà pàápàá sì ti ṣubú fún un ní ọdún 1870. Ní ọdún 1878 Fábùnmi pa àwọn aṣojú Ìbàdàn ní ìlú rẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì gbilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní ogun Jálumi lẹ́bàá Ìkìrun, Ìbàdàn fọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ túútúú. Ẹni tí ó bá wo tábìlì ní ọjọ́ náà yóò ní ìjà ti parí. Kò parí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Sàró bọ̀, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ra ìbọn tí a ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Kí ẹni tí ń lo ṣakabùlà tó ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oníbọn tuntun ti yìn ní ìgbà bíi mélòó kan. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun, Ìbàdàn kò sì rí ọ̀nà là kọjá mọ́.

Àbámọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni èyí: bí àwọn ìbọn náà kò bá dé ńkọ́? Kí ẹni tí ń ṣeré yọ wọ́n kúrò lórí tábìlì, kí ó sì lọ jókòó sí àga Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wẹ̀yìn, yóò rí i pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun, tí ẹ̀tù fi wọ́n. Pé Ìlọrin ń halẹ̀ láti àríwá. Pé láti ọdún 1882 Ifẹ̀ pẹ̀lú ti dìde sí i. Ogun márùn-ún ni ó ń bá Ìbàdàn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó wá dá ìbọn Èkìtì padà, kí ó sì ṣí ọ̀nà òkun fún Ìbàdàn. Ìbàdàn náà yóò ra irú ìbọn kan náà. Apá méjèèjì yóò tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn odi wọn, òkú yóò pọ̀ sí i, òkè yóò sì wà níbi tí ó wà. Eré kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó lè tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí a wá ẹ̀rí sí. Èyí tọ́ka sí ọ̀nà àti ìmùlẹ̀ ju ìbọn lọ.

Ohun kan tún wà tí tábìlì kò lè gbé. Dáìsì kì í sunkún. Eré tán ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ogun náà gba ọdún 16, láti 1877 títí di 1893. Bùdó di ìlú, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ná ọjà, wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Látòósà kú sí bùdó ní ọdún 1885, ìjà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Kí ló dé tí wọn kò fi túká, nígbà tí ó ti hàn pé kò sí ẹni tí yóò borí? Kì í ṣe pé wọn kò mọ ara wọn. Ògèdèǹgbé ti gbé Ìbàdàn rí, ọ̀pọ̀ balógun ìhà tirẹ̀ sì ti bá Ìbàdàn lọ sógun. Ẹ̀rù ni kò jẹ́: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kẹ́rù kúrò ní bùdó, ẹ̀yìn ni wọn yóò ti kọlù ú. Ní ọdún 1881 Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n wá làjà. Alùfáà Samuel Johnson àti Alùfáà Charles Phillips lọ, wọ́n bọ̀, láàárín bùdó àti Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni àdéhùn tó múlẹ̀, tí Èkìtì gba òmìnira rẹ̀, tí apá méjèèjì sì kúrò ní Kírìjì lójú àwọn aṣojú ìjọba, tí wọ́n fi iná sun bùdó.

Ẹni tí ó ń dá eré ogun ṣe kò ní irú ìṣòro yìí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọwọ́ kan náà ni yóò fi kó ọmọ-ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí yóò bẹ̀rù èkejì. Ní Kírìjì, kò sí ọmọ Yorùbá kan tí apá méjèèjì lè fi ọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àlejò ni ó kó wọn kúrò. Ní ọdún 1893 Gómìnà Carter wá láti Èkó, ó tú àwọn bùdó tí ó kù ká, Ìbàdàn sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún náà. Láti ìgbà náà ni àṣẹ ilẹ̀ Yorùbá túbọ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àbámọ̀ tí ó yẹ kí a gbé ka orí tábìlì ní Adó àti ní Ìbàdàn ni pé: bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ ńkọ́?