Ajagunfẹ̀yìntì nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: ohun tí ìtàn Toronto fi hàn

Bí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ fún ajagunfẹ̀yìntì tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá délẹ̀, owó ilé-ìwé ni àwọn èèyàn ń kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n ìtàn Toronto fi hàn pé ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ka ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá sí nìkan ni owó náà ti ń so èso. Ní 1920, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Red Cross gbé owó kalẹ̀ kí Yunifásítì Toronto lè dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ìlera aráàlú sílẹ̀, Kathleen Russell sì ṣe olórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ́. Wọn ò ní kó tún padà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di egbò. Iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé, ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ àti ìdènà àrùn ni wọ́n fi kún ohun tó ti mọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Kejì, òfin Kánádà ti 1945 sanwó yunifásítì fún àwọn tó tojú ogun dé, ó sì fi 60 dọ́là lóṣù kún un fún ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó, 80 fún ẹni tó ti ṣe é. Èrò pọ̀ débi pé ní oṣù kìíní 1946, Yunifásítì Toronto sọ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà kan ní Ajax di kíláàsì fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ní ti nọ́ọ̀sì, nǹkan bí 4,500 obìnrin ló ti ṣiṣẹ́ náà fún ológun Kánádà nínú ogun yẹn, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan nípa ìlera aráàlú tàbí ìkọ́ni sì bá ìrírí wọn mu rẹ́gí. Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin tó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun kan náà. Ẹ̀tọ́ owó yẹn kàn wọ́n, àmọ́ obìnrin nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń gbà nígbà náà. Àní, ológun fúnra rẹ̀ ò fi nọ́ọ̀sì ọkùnrin joyè ọ̀gá títí di 1967. Kí ni owó fẹ́ ṣe níbi tí ilẹ̀kùn ti tì?

Ní 2018, ẹni tó fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ ológun Kánádà di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí tó 40,000 dọ́là fún ẹ̀kọ́. Ọlọ́dún méjìlá, 80,000. Owó gidi ni. Síbẹ̀, láti 2005 ni Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, ti ní kí nọ́ọ̀sì àgbà gba dìgírì kó tó forúkọ sílẹ̀, ẹni tó ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ogun ní Kandahar, Afghanistan, sì lè bá ara rẹ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwọn kan ní bí a bá dín ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù, aláìsàn ló máa jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì àgbà ń ṣe, kò sẹ́ni tó ní kí ajagunfẹ̀yìntì má ṣe é. Òótọ́ kan wà nínú àtakò náà ṣá: ọ̀dọ́ tó lágbára ni ológun ń tọ́jú jù, kì í ṣe aboyún tàbí arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ lo ọdún rẹ̀ lé lórí, lẹ́yìn tó bá ti dán ohun tí ajagunfẹ̀yìntì náà mọ̀ wò.