Ọjọ́ Kìíní Oṣù Igbe ní Èbúté Apapa

Ọjọ́ kìíní oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin ọdún, ṣe pàtàkì nínú ìtàn Marine Beach, àdúgbò tó wà lẹ́bàá èbúté, tó sì so Apapa mọ́ Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí pé ọjọ́ náà ní ọdún 1955 ni Àjọ Elébùúté Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yíyan ọjọ́ náà kì í ṣe èèṣì, torí pé láyé ìjọba amúnisìn, òun ni ọdún ìṣúná, èyí tí ìjọba fi ń ṣírò owó tó wọlé àti èyí tó jáde, máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ yìí kan náà ní ọdún 1977 ni wọ́n dá NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀, epo sì wà lára ẹrù pàtàkì tó ń gba Apapa wọlé. Ọjọ́ náà tún tan mọ́ ìtàn ìjọba amúnisìn, nítorí òun ni wọ́n bí Otto von Bismarck ti Jámánì ní ọdún 1815, ẹni tó pe ìpàdé Berlin ti ọdún 1884 sí 1885, níbi tí àwọn òyìnbó ti fẹnu kò lórí ìlànà tí wọn yóò fi gba ilẹ̀ Áfíríkà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ ìtàn ọjọ́ yìí dáadáa, nítorí iṣẹ́ èbúté ló fa ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wọn wá síbẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà.