Ìrìnàjò láti Ìgàndò: Ìmọ̀ràn fún Oríṣiríṣi Ìrìn

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrí gba àárín Ìgàndò kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ní apá kan, ó lọ sí Ìyànà Ìbà, níbi tí ó ti pàdé òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Ní apá kejì, a máa ń tọ̀ ọ́ dé Ẹgbẹ́dá àti Ìyànà Ìpájà. Ọ̀nà mìíràn yà sí Ìkọ̀tún, a sì lè gba ibẹ̀ dé Èjìgbò, Ìsọlọ̀ àti Ọ̀ṣòdì. Irú ìrìn tí ènìyàn fẹ́ rìn ni yóò sọ èyí tí ó yẹ kí ó tọ̀.

Ìrìn ojoojúmọ́ sí ibi iṣẹ́

Ẹni tí ó ń lọ sí Erékùṣù Èkó lè gba Ìyànà Ìbà dé Máìlì 2, kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ó ń lọ sí Marina. Ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì, Mushin, Yábàá tàbí Òyìngbò lè gba Ìyànà Ìpájà dé Àgége, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Káàdì Cowry ni a fi ń san owó ọkọ̀ méjèèjì, nítorí náà ẹ ti fi owó sí i kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má ṣe kọjá lórí irin rárá. Iná mànàmáná ni ó ń wa ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù.

Bí ó bá jẹ́ dánfó ni, ibùdókọ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, pàápàá ní òwúrọ̀ kùtù àti ní alẹ́. Àwọn ọlọ́ṣà tí a ń pè ní "wan ṣáǹsì" a máa fara hàn bí awakọ̀ àti èrò. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ará ilé kí ẹ tó jókòó.

Ìrìn pàjáwìrì sí ilé ìwòsàn

Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò. Kí aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé ti di ẹrù rẹ̀ àti káàdì ilé ìwòsàn sójú kan, kí ó sì ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọ kì í dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ pe 767 tàbí 112 lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ àdúgbò nìkan kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ òpópó ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ dárúkọ ibùdókọ̀, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ó wà nítòsí. Kí ẹnì kan dúró lójú títì láti júwe ọ̀nà.

Ìrìnàjò sí ìlú mìíràn

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta gba Àgége àti Abẹ́òkúta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ ní gáréèjì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé èrò. Nọ́ńbà ẹni tí ó wà nílé ni kí ẹ kọ fún wọn níbi tí wọ́n bá ti béèrè ẹbí yín. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà nínú àpò yín kò lè ran yín lọ́wọ́. Ẹ de bẹ́líìtì, kí ẹ sì tètè gbéra kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Ìrìnàjò nípa ọkọ̀ òfurufú

Ibi ìwọkọ̀ tí ó wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì fara kanra. Ẹ wo èyí tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú fún ìrìn abẹ́lé, àti mẹ́ta fún òkè òkun, láìka àkókò sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mọ́ ọn.

Líla ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì aláwọ̀ ìyeyè ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ṣe pàtàkì. Kí òǹtẹ̀ wà nínú ìwé yín ní ìhà méjèèjì. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní àsìkò òjò

Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ la àgbàrá tí ó ń ṣàn kọjá. Ojú gọ́tà kì í hàn lábẹ́ omi. Ẹ dúró kí ó fà. Pípẹ́ kí a tó délé sàn ju àìdélé lọ.