Ìfúnpọ̀ Fídíò Pẹ̀lú Ọ̀pọ̀ Okùn Iṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé

Ìfúnpọ̀ fídíò ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti sọ àwòrán tó ń rìn di fáìlì kékeré tó ṣeé tọ́jú. Bí a bá pín iṣẹ́ náà fún àwọn core inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè jùmọ̀ ṣe é, ìfúnpọ̀ olókùn púpọ̀ nìyẹn. “Okùn iṣẹ́” ni a lò níhìn-ín fún thread. A kò lo “fọ́nrán”, nítorí àwọn oníròyìn ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di orúkọ fídíò fúnra rẹ̀.

Fídíò 1920 × 1080 tí a kò fún pọ̀, tó ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba nǹkan bí gigabyte 280 ní wákàtí kan. Ìlànà H.264, tó jáde ní 2003, ń fi àwòrán wé àwọn tó ti kọjá, ó sì ń pa ìyàtọ̀ wọn mọ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro pípín iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwòrán kejì kò lè tẹ̀ síwájú bí èkíní kò bá tíì lọ jìnnà.

Ètò x264 kọ́kọ́ ń gé àwòrán kọ̀ọ̀kan sí abala, ó sì ń fi abala kan fún okùn kan. Ó yára, ṣùgbọ́n abala kan kò lè jàǹfààní ohun tó wà nínú èkejì, ẹwà àwòrán a sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà: okùn kọ̀ọ̀kan gba odindi àwòrán tirẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ti iwájú ní ìwọ̀nba ìlà díẹ̀. Ẹ wo àwọn ọlọ́wẹ̀ lóko: oníkálukú ló ní ebè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn kì í kọjá ti iwájú.

Gene Amdahl ti ṣàlàyé ààlà irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1967. Bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ bá ṣeé pín, core 4 yóò mú un yára ní ìlọ́po 3.1 péré, core 8 ní ìlọ́po 4.7. Bó ti wù kí core pọ̀ tó, kò lè kọjá ìlọ́po 10.

Ní Warri, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìbátan Yorùbá ni èdè Itsekiri. Nígbà tí Atuwatse II gorí ìtẹ́ Olú Warri ní 1987, ayé káṣẹ́ẹ̀tì VHS ni. Nígbà tí Atuwatse III dé adé ní Ode-Itsekiri ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2021, fídíò díjítà ti gba òde. Àwọn káṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí ń bẹ nínú ilé ń ṣá lọ, ooru àti ọ̀rinrin etí odò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní láti fi gbà wọ́n là.

Àwòrán VHS tí a dà sí díjítà sábà máa ń jẹ́ 720 × 576. Ìlànà HEVC ti 2013 lè gé e sí àpótí 64 × 64, ìlà 9 péré ni yóò sì ní. Níwọ̀n bí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ń dúró díẹ̀ de ti òkè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú core 16 yóò máa jókòó lásán. Ó sàn kí a fún káṣẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìrántí kọ̀ǹpútà bá gbà á. Kí a má sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ṣírò àsìkò: láptọ́ọ̀pù tó bá gbóná yóò dín eré rẹ̀ kù.

Ẹ̀yà Quick Sync, tó wọ inú ọpọlọ Intel ní 2011, yára púpọ̀, kò sì jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n x264 tí a fi sùúrù lò sábà máa ń mú àwòrán tó dára jáde ní ìwọ̀n fáìlì kan náà. Fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, x264 ni èmi yóò yàn, àyàfi bí epo jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ tán.

Bí iná bá lọ lójijì, fáìlì MP4 tí a kò tíì parí kì í sábà ṣeé ṣí, nítorí ìparí ni a máa ń kọ atọ́ka rẹ̀. MKV sábà máa ń ṣeé wò dé ibi tí iṣẹ́ dé. Ní ti ohùn, gigabyte kan kò kún ní wákàtí kan bí a kò bá tilẹ̀ fún un pọ̀ rárá: ní 48 kHz, bít 16, ikanni méjì, megabyte 691 ni. Kò sí ìdí tí a ó fi ba ohùn olóhùn jẹ́ nítorí ìyẹn, pàápàá nínú èdè tí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ń yí ìtumọ̀ padà.