Àwọn Tí Ó Ń Mú Àlejò Wọ Ọ̀sà

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa, ohun tí a ó kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ ni ogun, ìjà oyè, àti bí ọba kan ṣe ń jẹ tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tí ó bá ka ìwé wọ̀nyí nìkan lè rò pé ará òkè ni gbogbo Yorùbá, pé omi kò sì ju ohun tí a ń pọn sílé lọ. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Apẹtẹ ní Ìbàdàn ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí wa tí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé wà. Mo máa ń rí àwọn apẹja lójú omi náà láàárọ̀, mo sì gbà lọ́kàn mi pé baba ńlá wọn ni ó fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọnà kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, kí wọ́n tó sé e kò sí adágún kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó kọ́kọ́ na àwọ̀n sínú Ẹlẹ́yẹlé ní láti ti kọ́ iṣẹ́ náà níbòmíràn, tàbí kí ẹlòmíràn tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ́ ọ. Àwa ará Apẹtẹ kò tilẹ̀ mọ omi náà tó bí a ti rò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ sí Ìbàdàn, àgbàrá gbé afárá Apẹtẹ lọ, ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún kò sì lè wá sí ìhín mọ́. Omi tí a ń wò láti ojú fèrèsé lójoojúmọ́ di àlejò sí wa.

Láti ìdí ìsédò yìí, odò Ọnà ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí gúúsù, sí ìhà ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí a bá a lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ohun tí mo fẹ́ wádìí ni èyí: ta ni ó kọ́kọ́ mú ará òkè wọ inú omi oníyọ̀ láti pẹja, kí ni ó sì kọ́ ọ?

Ìtàn àwọn Àwórì ni ó dára kí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminírè ti wá, pé a fi àwo kan lé ojú omi, a sì ní kí ó máa tẹ̀ lé e, níbi tí àwo náà bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Ó tẹ̀ lé àwo lẹ́yìn títí ó fi dé Ìṣẹri, ibẹ̀ ni àwo gbé rì. Wọ́n ní ohun tí wọ́n wí nígbà náà, pé àwo ti rì, ni ó di orúkọ Àwórì. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn rẹ̀ sún mọ́ omi sí i, dé Èbúté Mẹ́tà àti Ìddó. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àwọn ènìyàn tí a ń pè lónìí ní onílẹ̀ Èkó, ará òkè ni wọ́n, wọn kò mọ ọ̀nà, ohun kan ni ó ṣáájú wọn lójú omi. Ẹni tí kò gba ìtàn àwo gbọ́ kò ní jiyàn pé ẹnìkan tàbí nǹkan kan ní láti ṣamọ̀nà.

Nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun ti Èkó, a rí Àrómirẹ́. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ó rí omi, ó sì bá a rẹ́. Oko ata rẹ̀ ni ààfin Èkó wà lórí rẹ̀ títí di òní, èyí tí a fi ń pè é ní Ìgá Ìdúngànrán. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà, ó ń gbin ata, síbẹ̀ orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n ni orúkọ ẹni tí ó bá omi dọ́rẹ̀ẹ́. Ènìyàn kì í bá nǹkan dọ́rẹ̀ẹ́ bí kò bá jẹ́ pé àlejò ni ó jẹ́ sí i tẹ́lẹ̀.

Lọ sí ìwọ̀-oòrùn, sí ilẹ̀ Benin, ìtàn kò yàtọ̀. Àwọn ará Ganvié, tí ilé wọn dúró lórí òpó láàárín adágún Nokoué, sọ pé ìbẹ̀rù àwọn tí ń kó ẹrú ni ó lé àwọn baba wọn sínú omi. Láti inú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ àti àwọn Ègùn Àjàṣẹ́ ni ọgbọ́n akájà ti wá. Wọn a gé ẹ̀ka igi, wọn a gbìn ín sínú omi tí kò jìn, bí ẹni gbin oko. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ewéko wẹ́wẹ́ a bo igi náà, ẹja a wọ ibẹ̀ lọ jẹun, a sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà náà ni wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a yọ igi kúrò, wọn a sì kó ẹja. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé oko ni akájà jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó di apẹja kò gbàgbé ọkọ́ rẹ̀.

Àwọn Ègùn gbé iṣẹ́ yìí wá sí Àgbádárìgì àti sí ọ̀sà Èkó, títí dé Mákòkó. Láti Kétà ní ilẹ̀ Gánà ni àwọn mìíràn ti gbé àwọ̀n gígùn wá, èyí tí a ń fi ọkọ̀ gbé lọ sínú òkun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi okùn fà á wá sí èbúté. Èyí ni mo kà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn jù lọ nínú gbogbo wọn. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀, tí kò mọ àjẹ̀ dì mú, lè di okùn náà mú kí ó bá wọn fà, bí àwọ̀n bá sì gòkè wọ́n lè fún un ní ẹja díẹ̀ mú lọ sílé. Ní ìlà-oòrùn, àwọn Ìlàjẹ ni ọ̀gá. Ní ọdún 1947 àwọn kan nínú wọn dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n pa ohun ìní pọ̀, èrè ẹja sì ń wọ àpò kan ṣoṣo. Òkun tí ó bọ́ wọn ti ń jẹ ilẹ̀ wọn báyìí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa ohun tí ó mú kí omi yìí nílò amọ̀nà, nítorí ará òkè lè rò pé omi ni omi ń jẹ́. Omi Ẹlẹ́yẹlé kò ní ìgbà méjì lóòjọ́, ti ọ̀sà ní. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru ni òkun ń kún wọ inú ọ̀sà, lẹ́ẹ̀mejì ni ó ń fà padà, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá lọ ní agogo mẹ́fà lónìí tí ó rí ẹja, bí ó bá padà lọ ní agogo mẹ́fà kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lè bá ibẹ̀ gbẹ. Yàtọ̀ sí èyí, iyọ̀ inú ọ̀sà Èkó kì í dúró lójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ń ti iyọ̀ wọlé, àwọn ẹja òkun a sì bá a wọlé. Nígbà òjò, omi odò láti òkè, tí ti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, a pọ̀ débi pé ọ̀sà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi mímu, àwọn ẹja mìíràn a sì gba ipò wọn. A máa ń pa á lówe pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ìmọ̀ràn nípa sùúrù ni a ń fi í ṣe l'Ókè, ṣùgbọ́n létí òkun, ìlànà iṣẹ́ ni. Bí ìgbì bá ń hó, a ń fi àjẹ̀ dúró ni, títí ọ̀wọ́ ìgbì ńlá yóò fi kọjá.

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú kọ́ èyí pẹ̀lú ìnira. Ní ọdún 1472 ni Ruy de Sequeira ará Potogí dé ẹ̀bá òkun wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tí ó wà ní ẹnu ọ̀sà Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, ẹrù àti ènìyàn ní láti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lóde. Nígbà tí ó di ọdún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà náà. Arò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wa òkúta, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì kó o wá. Èyí ni pé òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú di ará ọ̀sà. Ògiri yìí gba ọkọ̀ ńlá láyè, ṣùgbọ́n ó dá iyanrìn dúró lápá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria lápá kejì. Àwọn ẹja rí ibi sá pamọ́ sí láàárín òkúta wọ̀nyí, àwọn tí ń fi ìwọ̀ ṣe fàájì sì bá wọn lọ síbẹ̀.

Ẹja tí àwọn ẹlẹ́ṣin-fàájì wọ̀nyí fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní tarpon. Ó tóbi, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà, ó máa ń yọrí sókè láti gba afẹ́fẹ́, bí ìwọ̀ bá sì kọ́ ọ lẹ́nu a fò sókè. Ní ọdún 1885, ará New York kan, W. H. Wood, fi ọ̀pá àti ìwọ̀ mú ọ̀kan ní Florida ní Amẹ́ríkà, ìròyìn náà sì tàn kálẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ mímú àlejò lọ pẹja ní ẹ̀bá òkun ti di iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ẹni tí kò di ìwọ̀ mú rí lè san owó wákàtí mẹ́rin. Amọ̀nà ni ó ni ọkọ̀, ọ̀pá, àti ìdẹ, ìjọba sì ní láti fún un ní ìwé ẹ̀rí kí ó tó lè gbé àlejò olówó wọ omi. Wọn kì í lọ sí agbami. Ibi tí omi kò jìn, tí a ṣì ń rí ilẹ̀, ni wọ́n ń mú wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí Ègùn kò ṣe ní mú ọmọdé kọjá ẹnu ọ̀sà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, tarpon tí ó tóbi jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé kò ti Florida wá. Guinea-Bissau ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Max Domecq ti mú un ní ọdún 2003, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 130. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹja Sherbro ní Sierra Leone tí a mú ní ọdún 1991 wà lára àwọn tí ó gba ipò iwájú. Orúkọ ẹni tí ó di ọ̀pá mú wà nínú ìwé. Ẹni tí ó di àjẹ̀ mú, tí ó mọ ibi tí ẹja náà ń gbé, kì í sí nínú rẹ̀. Èyí ń bí mi nínú ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, tí mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ni a ń ṣe fún ògbufọ̀.

Mo fẹ́ mọ bí ó ti ń rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo lọ sí Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì bẹ ọkùnrin Ègùn kan kí ó mú mi lọ sí ìtòsí àwọn òkúta yìí. Bàbá ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní ará Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọ̀ mí ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí ìjọba Èkó ti sọ di dandan fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ti gbé ekòló lọ láti Apẹtẹ nínú agolo. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja omi yìí kò mọ ekòló, ó fún mi ní edé. Ó kọ́ mi pé kí n jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí n má ṣe dìde bí ìwọ̀ bá gbé ẹja, àti pé nígbà tí omi bá fẹ́ yí padà ni ẹja ń jẹun. A dúró. Bí ó ti wí ni ó rí. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mo mú òbòkún méjì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, òun sì mú kúta kan tí ó tó apá.

Lórí ọ̀nà ni ó ti sọ ti ilé fún mi. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ wà ní Mákòkó ní oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí ìjọba fún àwọn ará ibẹ̀ ní wákàtí 72 kí wọ́n kúrò, tí wọ́n sì wó ilé orí omi lulẹ̀. Àwọn mìíràn wà ní Otodo Gbame, tí wọ́n lé wọn kúrò láàárín ọdún 2016 àti 2017. Ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn láìfún wọn ní ibòmíràn lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n ilé wọn ti lọ kí ìdájọ́ náà tó dé. Níbi tí ẹlòmíràn ń gbin akájà sí tẹ́lẹ̀, iyanrìn ni wọ́n ń tú sí i. Ọkùnrin náà kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fi àjẹ̀ tọ́ka sí àwọn ibi kan lójú omi, ó dárúkọ wọn fún mi ní Ègùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé mi, orúkọ 11. Mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ó ní ọmọ òun ń kọ́ iṣẹ́ ìjórin ní Ìkòròdú.